Karl Benz àti Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, tọmọdé tàgbà ni yóò yíjú sí i. Ìràwọ̀ onírin tí ó ní ẹnu mẹ́ta wà ní iwájú rẹ̀, ara rẹ̀ a máa dán bí dígí, ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sì í ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni. Àwọn ènìyàn gbà pé olówó tàbí olóyè ni ó gbọ́dọ̀ jókòó sí inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé ayé yẹ ẹnìkan, wọn a ní ó ti ra Bẹ́ńsì, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ènìyàn ni Benz. Ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà kò mọ ọlá ní kékeré rẹ̀ rárá. Ọmọ opó ni, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó yọrí. Nígbà tí ó sì ṣe ọkọ̀ rẹ̀ tán, ó lọ́ra láti gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹlòmíràn ni ó bá a gbé e lọ.

Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1844 ni a bí Karl Benz ní Mühlburg, ìlú kékeré kan tí ó wà lẹ́bàá Karlsruhe ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì. Ní ìgbà náà, ilẹ̀ Jámánì kò tí ì di ọ̀kan. Olúkúlùkù ọba àti ìjòyè ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ tirẹ̀, Baden sì ni orúkọ ilẹ̀ tí Karlsruhe jẹ́ olú-ìlú fún. Iṣẹ́ awakọ̀ ojú irin ni Johann Georg Benz, bàbá rẹ̀, ń ṣe. Iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ yìí ní ayé ìgbà náà, nítorí pé ọdún 1840 ni ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní Baden, àwọn ènìyàn sì ń wo ẹni tí ń wà á bí ẹni tí ó gun ẹranko búburú tí ó ń mí èéfín. Ṣùgbọ́n òjò, òtútù àti ẹ̀fúùfù kì í dá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọdún 1846, òtútù àyà kọlu Johann Georg, kò sì dìde mọ́. Karl kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì.

Josephine, ìyá rẹ̀, ni ó tọ́ ọ dàgbà. Owó tí ó wà lọ́wọ́ opó náà kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó pinnu pé ebi ni yóò pa òun, kì í ṣe àìmọ̀wé ni yóò pa ọmọ òun. Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni pé kí Karl di òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ó máa jókòó sí ọ́fíìsì, kí owó oṣù rẹ̀ má ṣe já, kí ó sì gba owó ìfẹ̀yìntì ní ọjọ́ alẹ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe tí ikú fi mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wo ọ̀nà ọ́fíìsì. Aago tí ó bàjẹ́ ni ó máa ń tú palẹ̀ tí yóò sì tún tò ó pọ̀. Ní ọdún 1860, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 16, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Karlsruhe. Ìyá rẹ̀ gbà fún un. Ní ọdún 1864 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 19 ni.

Bí ó ti mọ̀wé tó, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní Karlsruhe ni ó kọ́kọ́ lọ; níbẹ̀ ni ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé irin, tí ó ń dá ihò sí i, tí ó sì ń dè é pọ̀, fún wákàtí méjìlá lóòjọ́. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Mannheim, ìlú tí ó wà létí odò Rhine, sí ilé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe òṣùwọ̀n, ó sì ń bá wọn ya àwòrán ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Pforzheim, sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe afárá onírin. Kò pẹ́ ní ibì kankan. Ohun kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó simi: báwo ni ènìyàn ṣe lè rìn lójú títì láìsí ẹṣin, láìsí irin tí a tẹ́ sílẹ̀, kí ó sì lè yà sí ọ̀nà tí ó bá wù ú?

Ní Pforzheim ni ó ti pàdé Bertha Ringer, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti sọ di ọlọ́rọ̀. Ọdún 1849 ni a bí ọmọbìnrin yìí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1871, Karl àti ẹnìkan tí ń jẹ́ August Ritter da owó pọ̀, wọ́n sì dá ilé ìrọrin sílẹ̀ ní Mannheim. Kò pẹ́ tí Karl fi rí i pé alábàáṣe òun kì í ṣe ẹni tí a lè gbára lé. Bí Ritter yóò bá lọ, a gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún un, kò sì sí owó náà lọ́wọ́ Karl. Níhìn-ín ni ó yẹ kí a mọ̀ pé àṣà ìgbéyàwó àwọn ará Jámánì ìgbà náà yàtọ̀ sí ti Yorùbá. Kì í ṣe ọkọ ni ó ń san owó orí; àwọn òbí ìyàwó ni wọ́n ń kó owó lé ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ọkọ. Bertha gba owó tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì gbé e fún Karl kí ó fi san ti Ritter. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1872 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bertha ti di onípìn-ín nínú iṣẹ́ náà kí ó tó di ìyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ó ti di ìyàwó, òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí ó ní àṣẹ lórí owó ara rẹ̀ mọ́.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọrọ̀ ajé dojú rú ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn tí ń kọ́lé kò kọ́ ọ mọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń ra ohun tí Karl ń rọ. Ọmọ ń dé, owó kò dé: Eugen ni àkọ́bí, Richard tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni Clara. Ní ọdún 1877, àwọn tí wọ́n jẹ lówó fi òfin gba àwọn ohun èlò ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti padà lọ bẹ àwọn oníṣẹ́ afárá nígbà tí ó rí èyí. Karl kò lọ. Ó pinnu pé ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo gáàsì ni yóò yọ òun nínú gbèsè, nítorí pé àwọn oníṣòwò tí kò ní àyè fún ẹ̀rọ ńlá tí ń fi omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ń wá ohun kékeré tí ó lè yí ẹ̀rọ wọn.

Ìdíwọ́ kan wà níwájú rẹ̀. Nikolaus Otto, ará Jámánì bíi tirẹ̀, ti ṣe ẹ́ńjìnnì gáàsì tí ó dára, ó sì ti gba ìwé ìjọba tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè ṣe irú rẹ̀. Nítorí náà Karl ní láti gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi ọdún méjì ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1879 parí, òun àti aya rẹ̀ jẹun tán, Bertha sì rọ̀ ọ́ pé kí wọ́n tún lọ dán ẹ́ńjìnnì náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé títí di ọjọ́ náà ó máa ń dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. Wọ́n rìn lọ sí ilé iṣẹ́. Karl yí i, ẹ́ńjìnnì náà sì dáhùn. Kò dákẹ́ mọ́. Àwọn méjèèjì dúró tì í, wọ́n ń tẹ́tí sí i bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn ọmọ tuntun, títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí lù láti kí ọdún tuntun káàbọ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà mú àwọn olówó wá, ṣùgbọ́n àwọn olówó ní ìfẹ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ bá wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 1882 kò fún un ní àyè láti ṣe ohun tí ó wù ú. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní ọdún kejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1883, òun, Max Rose àti Friedrich Eßlinger dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Benz & Cie. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni àwọn méjèèjì yìí mọ̀. Wọ́n gbà kí Karl máa ṣe ọkọ̀ rẹ̀, bí títà ẹ́ńjìnnì kò bá ti fà sẹ́yìn.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ṣòro nínú iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ tí kò lo ẹṣin kì í ṣe ohun tí a kò rí rí; ní ilẹ̀ Faransé, Cugnot ti ṣe ọ̀kan tí ń fi ooru omi rìn ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ru ìkòkò omi ńlá, iná, àti igi tàbí èédú. Ẹrù ara rẹ̀ nìkan tó láti pa á. Nínú ẹ́ńjìnnì tí Benz ń lò, inú gan-an ni iná ń jó sí. Oru epo tí a pò mọ́ afẹ́fẹ́ a wọ inú ihò irin kan tí a ń pè ní sílíńdà. Irin mìíràn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú ihò náà a tẹ oru yìí pọ̀ tipátipá. Iná mànàmáná a ta pàrà sí i, bí ìgbà tí a ṣáná. Oru náà a gbiná lójijì, a sì ti irin náà padà pẹ̀lú agbára. Lẹ́yìn náà ni èéfín a jáde, tí oru tuntun a sì wọlé. Agbára yìí ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ohun tí ń ṣe é kò tóbi, kò sì wúwo púpọ̀, nítorí náà a lè gbé e sí abẹ́ ìjókòó ènìyàn méjì.

Benz kò kàn gbé ẹ́ńjìnnì lé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ọ̀pá irin oníhò ṣe egungun rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, ó fi wáyà ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́, ó sì fi ṣéènì gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni ó fún un, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, nítorí pé kò tí ì rí ọ̀nà tí yóò fi yí ẹsẹ̀ iwájú méjì pọ̀ dáadáa. Agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan, eré rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 16 lọ ní wákàtí kan. Ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn yóò ya á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886, ó kọ̀wé sí ìjọba ní Berlin láti gba ẹ̀tọ́ olùṣe fún iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé náà ni 37435. Orúkọ Karl Benz àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni a kà mọ́ iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún kan náà, ó wa ọkọ̀ náà ní gbangba ní Mannheim. Àwọn ará ìlú ń wò ó, àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ní ẹṣin, kí ni yóò fi ohun tí ń gbọ̀n tí ó sì ń rùn ṣe? Ẹṣin mọ ọ̀nà ilé, kì í sì í dákẹ́ lójú ọ̀nà nítorí wáyà kan já. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọkọ̀ Benz a máa dákẹ́, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ a sì máa tì í padà sílé. Ìwà Karl sì dá kún un: kò fẹ́ gbé ohunkóhun jáde tí kò pé pérépéré. Bí ó bá tún èyí ṣe tán, yóò rí òmíràn tí ó yẹ kí ó tún ṣe. Ọdún méjì kọjá, a kò rí ẹni tí ó ń sáré wá ra ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1888, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n ìwé kì í rìn fúnra rẹ̀.

Bertha ti fi owó rẹ̀ sí iṣẹ́ yìí ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ó fi ara rẹ̀ sí i. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, ó sì fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tí ó ju kìlómítà 100 lọ. Rélùwéè wà tí ó lè wọ̀. Dípò èyí, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 àti Richard tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, dìde ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nígbà tí Karl ṣì ń sùn. Wọ́n rọra ti ọkọ̀ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kí ariwo má baà jí i, wọ́n yí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Heidelberg. Títí di òní yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Títì ọlọ́dà kò sí. Ojú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti wà ní kòtò ni wọ́n ń gbà.

Omi ni ó kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà a máa gbóná, omi tí ń mú un tutù a sì máa fa lọ bí oru. Ibikíbi tí wọ́n bá ti rí kànga tàbí odò ni wọ́n ń dúró sí láti pọn. Lẹ́yìn omi, epo. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọkọ̀ náà lè gbà, ilé epo kò sì tí ì sí ní ibikíbi láyé. Àwọn apoògùn ni wọ́n ń ta irú epo náà nínú ìgò kéékèèké, fún àwọn tí ó bá fẹ́ fi yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Nígbà tí wọ́n dé ìlú Wiesloch, Bertha wọ ilé apoògùn, ó sì rà lára rẹ̀. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ará Wiesloch a sì máa fi yangàn pé ilé epo àkọ́kọ́ láyé ni.

Bí wọ́n ti ń lọ, ohun kan dí ojú ihò tí epo ń gbà kọjá. Bertha fa abẹ́rẹ́ gígùn tí ó fi de àkẹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ irun yọ, ó sì fi gún ìdọ̀tí náà jáde. Wáyà kan họ, iná rẹ̀ sì ń ta síbi tí kò yẹ. Ó bọ́ rọ́bà tí ó fi di ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi wé e. Ṣéènì ní tirẹ̀ di iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ní ibi gíga, ẹ́ńjìnnì kò lágbára tó: Richard, tí ó fúyẹ́ jù, ni a fi sí ìdí ọkọ̀, ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì máa tì í láti ẹ̀yìn pẹ̀lú òógùn. Ní ibi ìsọ̀kalẹ̀ ewu tún wà, nítorí pé igi lásán ni bíréèkì ọkọ̀ náà, bí ó bá sì ti ń fi ara họ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń jẹ tán. Ní abúlé Bauschlott, Bertha wá oníbàtà kan rí, ó ní kí ó kan awọ mọ́ igi náà. Bí a bá fi ojú inú wo obìnrin náà pẹ̀lú aṣọ gígùn ìgbà náà, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, tí ó sì ń ṣe àlàyé fún oníbàtà lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, a ó mọ̀ pé kì í ṣe àbẹ̀wò sí ìyá nìkan ni ó gbé e jáde nílé.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó wọ Pforzheim. Bertha tẹ wáyà sí ọkọ rẹ̀ pé àwọn ti dé láyọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n tún wa ọkọ̀ náà padà sí Mannheim. Ìròyìn ti ṣáájú wọn. Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín ti rí i pé obìnrin kan àti ọmọdé méjì gbé ọkọ̀ náà lọ, wọ́n sì gbé e bọ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú Karl ni ohun tí wọ́n sọ fún un nípa òkè. Ó fi jíà mìíràn kún un kí ọkọ̀ náà lè máa gun ibi gíga. Ohun tí ó lè fi ọdún púpọ̀ wá nínú ọgbà ilé iṣẹ́, aya rẹ̀ fi ọjọ́ kan rí i lójú ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1888, a fún ọkọ̀ náà ní ẹ̀bùn wúrà níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ ní Munich. Èmile Roger bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Paris, àwọn ará Faransé sì rà á ju àwọn ará Jámánì lọ. Ní ọdún 1893, Benz rí ọ̀nà tí ó ti ń wá láti yí ẹsẹ̀ iwájú méjì pọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọdún 1894 ó gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tí a ń pè ní Velo. Èyí kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń rán agbádá. Ọ̀pọ̀ ni a ń ṣe tí gbogbo wọn jọ ara wọn, nǹkan bí 1,200 sì ni a ṣe kí a tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1899 nìkan, ọkọ̀ 572 jáde ní ilé iṣẹ́ Benz, kò sì sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kankan láyé tí ó tó o nígbà náà.

Ibi tí ènìyàn ti rò pé ìdààmú parí, ibẹ̀ ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Cannstatt, lẹ́bàá Stuttgart, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Gottlieb Daimler, tí òun àti Wilhelm Maybach ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ tiwọn láti ìgbà kan náà pẹ̀lú Benz. Ìrìn ọjọ́ kan kọ́ ni ó wà láàárín ìlú wọn lónìí, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí títí Daimler fi kú ní ọdún 1900. Oníṣòwò kan, Emil Jellinek, tí ń gbé ní Nice, máa ń ra ọkọ̀ Daimler, ó sì ń tà á fún àwọn ọlọ́rọ̀. Eré ni ó ń fẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí ó lọ sílẹ̀, tí ó gùn, tí ó sì lágbára ẹṣin 35, ó sì fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ pè é: Mercedes. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ yìí ya gbogbo ọkọ̀ yòókù sílẹ̀ níbi ìdíje ní Nice. Lójú àwọn olówó, ọkọ̀ Benz di ohun àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Karl Benz kò fẹ́ràn eré àsápajúdé. Ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn délé láìséwu ni ó gbàgbọ́ nínú rẹ̀. Àwọn olórí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọjà ń lọ sílẹ̀, wọ́n sì pe àwọn ará Faransé wá láti máa ya àwòrán ọkọ̀ tuntun. Inú Karl bàjẹ́. Ní ọdún 1903 ó kúrò nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn náà ó wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn alábòójútó rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Ọ̀ràn yìí kò rọrùn láti dá. Ọjà ti àwọn alátakò rẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ní ọdún 1909 ọkọ̀ Benz kan tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 200 sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan ní Brooklands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, okìkí orúkọ náà sì kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orúkọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti kó lọ sí Ladenburg, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Mannheim, níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀, Eugen, ti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1906, tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ níwọ̀nba. Ní ọdún 1914, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìyá rẹ̀ fi ìyà rán an lọ ní Karlsruhe fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, owó ilẹ̀ Jámánì di yẹpẹ. Ilé iṣẹ́ Benz àti ti Daimler, tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà fún ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, rí i pé bí àwọn kò bá parapọ̀, àwọn méjèèjì ni yóò wó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1926 wọ́n di ọ̀kan. Daimler ti kú láti ọdún 26 sẹ́yìn. Benz wà láyé, ó ti pé ọmọ ọdún 81, ó sì fi ojú rẹ̀ rí i. Wọ́n fi ìràwọ̀ Daimler sí àárín ewé ìṣẹ́gun tí ó jẹ́ àmì Benz, orúkọ ọmọbìnrin Jellinek sì di ohun tí a so mọ́ orúkọ ọmọ awakọ̀ ojú irin. Ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ọkọ̀ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì: ẹwà àti eré láti Cannstatt, ìfarabalẹ̀ láti Mannheim, àìfẹ́ gbé ohun tí kò pé jáde. Ìtàn ilé iṣẹ́ náà kò mọ́ ní gbogbo ìgbà. Ní àkókò ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a fi túláàsì kó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Karl kò rí ìyẹn. Ó kú ní ilé rẹ̀ ní Ladenburg ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1929, ọmọ ọdún 84 ni.

Bertha tún gbé ayé ní ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 95, ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1944, tí ogun ṣì ń jó ilẹ̀ Jámánì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Karlsruhe fi oyè dá òun náà lọ́lá. Ọjọ́ méjì péré ni ó lò lẹ́yìn ìgbà tí ó gba oyè náà. Ní Ladenburg ni wọ́n sin ín sí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Láti ọdún 2008, a ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó gbà lọ sí Pforzheim ní ọjọ́ náà, gba Heidelberg àti Wiesloch kọjá, àwọn awakọ̀ a sì máa rí i bí wọ́n ti ń lọ.